Àmì Ohùn Kan

Ní Báyékù, níbi tí ọ̀sà ti ń yọ́ rìn lábẹ́ ilẹ̀ wọnú ilé,
iyọ̀ ti jẹ ògiri wa dé orúnkún.
Yàrá méjìlá, ṣáláńgá kan.
Páálí ni ilẹ̀kùn ṣáláńgá náà:
ẹni tó bá wà níbẹ̀ á máa húkọ́,
ẹni tí kò bá húkọ́, ìtìjú ni yóò bá jáde.

Alàgbà Ògúnlànà ló nilé. Ṣùrùlérè ni wọ́n ń gbé,
níbi tí òjò ti ń rọ̀ sórí òrùlé
tí kì í wọlé bá wọn jẹun.
Oṣù Ṣẹ́rẹ́ la máa ń rí wọn.
Wọ́n á gbowó, wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní,
"Ẹ fi sùúrù sí i."
A fi sùúrù sí i. A fi abọ́ sí i. A fi ike ọ̀dà sí i.
Sùúrù ló kọ́kọ́ kún.

Ta ló kọ lẹ́tà sí káńsù? Mi ò ní sọ.
A tẹ àtàǹpàkò yí i po bí etí àwo,
kí ẹnikẹ́ni má bàa jẹ́ ẹni àkọ́kọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Ìyáàfin Àrínọlá dé lórí ọ̀kadà,
bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, ìwé nínú ọ̀rá.
Kí ó tó sọ̀kalẹ̀, Ìyá Mútíátù ti ń di ẹrù.
Ó ní, "Wólé-wólé ti dé o!"
Mo ní, "Rárá o. Wolé-wolé ni."
Àmì ohùn kan péré:
ẹnìkan wá wò ó, ẹnìkejì wá wó o,
àárín àwọn méjèèjì la tẹ́ ẹní wa sí.

Téèpù rẹ̀ ti já. Mo bọ́ tèmi lọ́rùn, èmi aránṣọ, mo fún un.
Ó fi wọn fèrèsé mi.
Mo rí nọ́ńbà náà, mo bú sẹ́rìn-ín:
ìyàwó tí mo wọn àyà rẹ̀ lánàá
fi íǹṣì mẹ́rin ju fèrèsé mi lọ.
Kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.
Ó ki ọwọ́ bọ ibi tí ògiri ti sán,
ọwọ́ wọlé títí dé aago.

Àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Ó wo ilé, ilé gan-an ló sọ lórúkọ,
kò sí oyin, kò sí obì,
ọ̀dà pupa ló fi kọ ọ́ síwájú:
TÚN UN ṢE. ỌJỌ́ MỌ́KÀNLÉLÓGÚN.

Ọjọ́ kejì lonílé dé, Ṣẹ́rẹ́ kọ́ nìyẹn o.
"Ta ló fi mí sun ìjọba?"
A wo ẹsẹ̀ wa. Adìyẹ pàápàá wo ẹsẹ̀ rẹ̀.
Wọ́n ní orí ni bàbá àwọn fi ru búlọ́ọ̀kù náà,
wọ́n dárúkọ iye tí simẹ́ńtì dà,
wọ́n ní ọmọ tó wà lókè òkun ò fi nǹkan ránṣẹ́ mọ́.
Mo gbọ́. Ó tilẹ̀ dùn mí.
Mo gbé àga fún wọn,
ibi tí mo sì gbé e sí (bóyá mo mọ̀ọ́mọ̀, bóyá n kò mọ̀ọ́mọ̀)
abẹ́ ibi tó ń jò ni.
Òjò Báyékù kì í kan ilẹ̀kùn.
Omi kán sórí fìlà wọn, tó.
Wọ́n gbójú sókè.
Ọdún mẹ́fà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa wò ó nìyẹn.

Mi ò ní parọ́ pé ilé ti dára.
Páànù tuntun bẹ̀rẹ̀ láti yàrá kìn-ín-ní, ó dúró ní ìkẹfà.
Ìkẹsàn-án ni tèmi.
Ṣáláńgá kejì ní ilẹ̀kùn, ó ní kọ́kọ́rọ́;
àwọn ọmọ ń lọ síbẹ̀ láìsí ohun tó ń ṣe wọ́n,
kí wọ́n ṣáà lè ti nǹkan.
Owó ilé ti gorí sí i. Ìyá Mútíátù ti kó lọ sí Ìjẹ̀dẹ̀.
Ìyókù di Ọjọ́bọ̀, ní kóòtù.

Lóru, mo máa ń gbọ́ òjò nínú ike:
wò, wó, wó, wò.
Òjò ò kàwé, kò mọ ibi tí àmì ń lọ.
Mo dìde, mo sún ike náà mọ́ ògiri díẹ̀.